Ọ̀bẹ Tí Alágbẹ̀dẹ Kò Lè Tún Rọ

Ọdún 1897 ni Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tó kọ, ṣùgbọ́n ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní 1921. Nígbà tó dé orí iṣẹ́ ọwọ́, ó dárúkọ Òkè-Ìmẹ̀sí mọ́ àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn ní Èkìtì nítorí òkúta irin tí wọ́n ń wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń sun di irin líle tó dára. Ó ṣàlàyé pé kí àwa àti òyìnbó tó máa bára wa ṣòwò, kò sí ohun tí a ń fi irin ṣe tí a kì í ṣe nílé, ìbáà jẹ́ ohun ìjà, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́. Ó wá fi kún un pé ọjà òyìnbó, àgàgà ọ̀bẹ, ti ń gba ipò lọ́wọ́ tiwa, nítorí pé owó pọ́ọ́kú ni, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì ń dán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tọ́jọ́ tó èyí tí alágbẹ̀dẹ wa rọ. Ọ̀rọ̀ àìtọ́jọ́ yìí ni mo fẹ́ dì mú. Báwo ni ọ̀bẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ní ìlú tí òkìkí irin rẹ̀ kan gbogbo ayé kò ṣe ní tọ́jọ́ tó èyí tí wọ́n fi ẹwìrì àti èédú ṣe lábẹ́ òkè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì? Èrò tèmi ni pé díẹ̀ ni ìtọ́jọ́ ọ̀bẹ ń ti inú irin wá. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí ọlọ́bẹ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Bí ọ̀bẹ bá ti jìnnà sí arọ, ìgbà ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú nìyẹn, bó ti wù kí irin rẹ̀ dára tó. Ibi tí èyí sì ti hàn gbangba jù lóde òní ni ara ọ̀bẹ tó ń ká wọ inú èèkù ara rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ń wá kiri, tí wọ́n ń fẹ́ kó má dípáàrà láéláé.

Wọ́n lè bi mí pé kí ló kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìpótì, Ìjerò, Ìkòrò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ilẹ̀ olókè ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ń wa ọ̀pẹẹrẹ lọ sóko níbẹ̀. Òótọ́ ni. Odò Ọ̀ṣun sun láti Ìgèdè, tí kò jìnnà sí Aramọkọ, ó sì ń ṣàn lọ títí ó fi wọ ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn sọ ará òkè di apẹja. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìpáàrà fúnra rẹ̀. Kì í dúró de òkun kó tó jẹ irin. Omi àti afẹ́fẹ́ ti tó o. Iyọ̀ kàn ń mú un yá ni. Àgbẹ̀ tó lo àdá lábẹ́ òjò oṣù kẹsàn-án, tó fi bẹ́ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó sì fi gún ara ògiri ahéré títí di ọjọ́ kejì, yóò bá ojú àdá náà ní dúdú, yóò sì bá àbàwọ́n pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkù níbi tí òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti rin ín. Iyọ̀ wà nínú òógùn. Ohun tí omi òkun ń fi ọjọ́ kan ṣe fún ọ̀bẹ apẹja, òjò àti òógùn àti oje igi lè fi oṣù kan ṣe é fún àdá ará Ìpótì. Ọ̀tá kan náà ni. Ìyára ẹsẹ̀ wọn ló yàtọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹni tó ń ra ọ̀bẹ inú ọkọ̀ ń bi ara rẹ̀ lónìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba ńlá wa tí kò rí òkun rí.

Kí a tó gba ọ̀rọ̀ Johnson gbọ́, ó yẹ kí a mọ irú irin tó ń sọ. Iná èédú igi líle àti eèpo èkùrọ́ ni wọ́n ń dá sínú ìléru, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná náà kú. Òkúta irin tí wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà sí i. Irin náà kì í yọ́ di omi bíi ti ilé iṣẹ́ òyìnbó. Ooru ìléru kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí irin kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 1,500 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìdọ̀tí inú òkúta náà ló ń yọ́, òun ni ìdàrọ́ tó ń ṣàn jáde. Ohun tó bá kù sísàlẹ̀ jẹ́ òkìtì irin wúruwùru, tó kún fún ihò bíi kànìnkànìn, tí alágbẹ̀dẹ yóò máa nà, tí yóò máa dá padà sínú iná, títí yóò fi fún ìyókù ìdàrọ́ jáde, tí irin yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Kò sí bó ṣe lè nà án tó tí ìdàrọ́ díẹ̀ kò ní kù sínú rẹ̀ bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa Ọlá-Ìgbì, abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé irin sísun ni iṣẹ́ ilé wọn. Onímọ̀ irin kan, F. W. Harbord, bá a yẹ irin náà wò. Bellamy kò ka ohun tó rí sí eré ọmọdé. Ó wọn ìléru, ó yàwòrán rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1977 ni Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé D. A. A. Adeniji jáde lórí wíwà àti sísun irin nílẹ̀ Yorùbá, ní èdè Yorùbá gan-an. Ó dùn mọ́ni pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kí wọ́n tó tán nílẹ̀.

Àtakò àkọ́kọ́ tó lè dé ni pé ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni ló ń ti Johnson sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ̀wé kí ìtàn àwọn baba rẹ̀ má bàa parun, ṣé kò ní yin alágbẹ̀dẹ wọn? Mo rò pé ìdí méjì wà tí a fi lè gbà á gbọ́ níbí. Èkíní, ó mọ àgbègbè náà. Òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni ìjọba Èkó rán sí àwọn ibùdó ogun Kírìjì, èyí tó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àgbájọpọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ní 1886 láti bá wọn parí ìjà, Òkè-Ìmẹ̀sí sì ni ìlú Fábùnmi tó dá iná ogun náà sílẹ̀. Irin tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àgbègbè tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ ni ó ti jáde. Èkejì, kò fi ojúsàájú pa ọjà òyìnbó rẹ́. Ó gbà pé ó dán jù, ó gbà pé owó rẹ̀ kéré jù, ó sì gbà pé tiwa ló ń pàdánù. Ẹni tó fẹ́ fi ìgbéraga kọ̀wé kò ní jẹ́wọ́ ohun mẹ́ta kó tó fi ẹyọ kan gbè wá lẹ́yìn. Ogun Kírìjì kan náà sì jẹ́rìí sí ibi tí agbára àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ. Ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ ní Èkó fi ránṣẹ́, ló yí ojú ogun padà, kò sì sí ilé arọ kan ní Èkìtì tó lè ṣe irú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ lè tún idà rọ, ó lè rọ ọ̀kọ̀ àti àdá. Nígbà tí ìbọn òyìnbó bá kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ di ti Èkó. Bí ohun tí a kò lè tún ṣe fúnra wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàtàkì jù nìyẹn, láti ojú ogun.

Àwọn kan yóò sọ pé irin àtijọ́ ló kàn le jù, pé ìdàrọ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìpáàrà ráyè wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní Delhi, nílẹ̀ Íńdíà, òpó irin kan wà tó ga tó mítà méje, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ, tó ti dúró sínú òjò àti oòrùn fún nǹkan bí 1,600 ọdún, síbẹ̀ ìpáàrà kò rí i jẹ. Irú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sun irin nílẹ̀ wa ni wọ́n fi sun ún. Àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí irin òde òní kì í ní tó bẹ́ẹ̀, ló jẹ́ kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó kì í gé nǹkan. A kì í pọ́n ọn. Ọ̀bẹ tí a ń pọ́n lójoojúmọ́ ń bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde fún omi ni. Bí irin Òkè-Ìmẹ̀sí bá tilẹ̀ ní irú oore bẹ́ẹ̀ nínú, ara ni yóò wúlò fún, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tó bá sì fi irin àtijọ́ sínú omi òkun, yóò rí i pé ó ń dípáàrà bí irin yòókù. Nítorí náà mi ò lè gbé gbogbo ẹ̀rí Johnson lé ohun tó wà nínú irin nìkan.

Ohun tí ojú mi ń wò ni ilé arọ. Ẹ wo ìgbé ayé àdá kan. Alágbẹ̀dẹ rọ ọ́, ó tì í bọ omi kí ẹnu rẹ̀ lè le, ó fi iná sun ìrù rẹ̀ wọ inú igi èèkù. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ló ń bá a wá èèkù, òun náà ló sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá là. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnu àdá ti jẹ tán lórí òkúta ìpọ́nbẹ. Ẹni tó ni ín kì í jù ú nù. Ó gbé e padà sí arọ, wọ́n fi iná sí i títí ó fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi irin líle tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n lù ú títí méjèèjì fi di ọ̀kan, wọ́n sì tún tì í bọ omi. Ìpáàrà tó wà lójú rẹ̀ ṣí kúrò nínú iná bí ìpẹ́, ó já sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owú. Nígbà tí kò bá ṣeé lẹ̀ mọ́, ó di ọ̀bẹ ìdáná. Nígbà tí ọ̀bẹ náà bá tún tín-ín-rín, ó di abẹ tàbí ìṣó. Ìpáàrà ń jẹ ẹ́ ní gbogbo àsìkò yìí, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ tán, nítorí pé iná ń wẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè. Epo tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ojúbọ Ògún mọ̀ pé epo pupa ni wọ́n ń ta sí irin náà lórí. Mi ò ní sọ pé nítorí ìpáàrà ni wọ́n fi ń bọ Ògún, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n irin tí epo bò kì í tètè dípáàrà, kò sì sí àgbẹ̀ tí ìyẹn ṣókùnkùn sí. Bí Johnson ṣe rí ọ̀bẹ ilé tó ń tọ́jọ́ ju ti òyìnbó lọ, irú ìgbé ayé yìí ló rí. Ọ̀bẹ òyìnbó tó dé tuntun kò tí ì ní ìbátan ní arọ.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí arọ bá jẹ́ orísun ìtọ́jọ́, kí ló dé tí ìléru fi kú nígbà tí arọ ṣì wà? Ìdáhùn ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n, ọ̀tọ̀ ni ohun tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin sísun kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, láti ibẹ̀ kò sì ṣòro fún ẹrù láti gun òkè wọ Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò. Àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló tí ń kiri aṣọ lọ́wìn káàkiri Èkìtì ti fi hàn pé kò sí abúlé tí ọjà Èkó kò lè dé. Irin ọ̀pá tó wá láti òkè òkun wọ́ pọ́ọ́kú ju owó èédú tí wọ́n máa fi sun òkìtì kan lọ. Òpìtàn Candice Goucher ṣe àlàyé mìíràn ní 1981 nípa àwọn Bassar ní Tógò, níbi tí irin sísun ti pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ó ní igi líle tó yẹ fún èédú ló ń tán, pé òwò nìkan kọ́ ló pa iṣẹ́ náà. Mo gbà pé ó bá ilẹ̀ ọ̀dàn mu, àmọ́ ó ṣòro láti gbé e ká Èkìtì bẹ́ẹ̀, níbi tí igbó ṣì dì nígbà tí irin òyìnbó dé. Owó ló ṣe é níbí. Alágbẹ̀dẹ tó ń ra irin ọ̀pá kò ṣòfò ohunkóhun lójú ara rẹ̀. Ó fi ìyà ìléru sílẹ̀, ó mú ayọ̀ arọ dání. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ Ìjerò lónìí, ohun mìíràn ni wọ́n ń wá níbẹ̀, òkúta olówó iyebíye àti amọ̀ funfun. Ẹnikẹ́ni kò wa irin mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn kì í ṣàlàyé dáadáa ni pé arọ kò kú. Ọ̀bẹ àti àdá òyìnbó tó dé lẹ́yìn náà, títí kan àdá alámì ọ̀nì tí ilé iṣẹ́ Martindale ní Birmingham ṣe, irin lásán tí kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ ni. Bí ó bá pọ́n nínú iná, ó rọ̀. Bí a bá tì í bọ omi, ó le. Alágbẹ̀dẹ Ìpótì tàbí Ìkòrò lè gbà á sí arọ bíi pé òun ló bí i. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ lójú ọ̀nà, sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ẹrù di ohun èlò tí wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí irin líle tó ń rọ́ tí kì í kán ni. Bí ọ̀bẹ òyìnbó ṣe wọlé sínú ìdílé arọ nìyẹn. Bí Johnson bá ti pẹ́ láyé títí di ọdún 1950, mo fura pé kì bá tún sọ pé ọ̀bẹ òyìnbó kì í tọ́jọ́, nítorí àdá Birmingham tó lọ sí arọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti di ti ilé. Ìlú kan wà létí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ èyí. Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n sì pa gbogbo ohun ìní wọn pọ̀, kan ọkọ̀ ojú omi tiwọn fúnra wọn níbẹ̀. Níbi tí a bá ti ń kan ọkọ̀, ẹni tó mọ bí a ṣe ń tún irin ṣe kì í jìnnà. Ọ̀bẹ tó bá dípáàrà níbẹ̀ nígbà náà ní ẹni tó máa gbà á.

Ọdún 1913 ni ohun tó yí gbogbo èyí padà ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ ní Èkìtì. Harry Brearley, onímọ̀ irin kan ní ìlú Sheffield, ń wá irin tí kò ní máa jẹ nínú ihò ìbọn. Ó da kírómíọ̀mù mọ́ irin títí tó fi tó ìdá 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì rí i pé ọtí kíkan kò lè kọ àbàwọ́n sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kírómíọ̀mù máa ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó ń fi ṣe awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí, tó bá sì ha, afẹ́fẹ́ ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Òun ni irin tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní sítéńlẹ́ẹ̀sì. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ Sheffield fi Brearley ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ tí kò ní gé nǹkan ló ṣe. Wọn kò pa irọ́ pátápátá, torí irin yẹn ṣòro fún wọn láti nà àti láti mú le. Irin lásán ń di líle bí a bá gbé e jáde nínú ooru tó tó nǹkan bí 800 tí a sì tì í bọ omi; sítéńlẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń fi àwọ̀ pupa iná mọ ìgbà tó yẹ kò lè fi àwọ̀ nìkan mọ èyí dáadáa. Bó bá fi í sínú arọ, ẹnu rẹ̀ lè rọ̀, ó lè fọ́, ó sì lè pàdánù oore àìdípáàrà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Ìgbà yìí ni arọ pàdánù ọ̀bẹ ní ti gidi. Ohun tí 1901 kò ṣe, 1913 ló ṣe é, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọn fèrè rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìjerò.

Wàyí o, ọ̀bẹ kíká inú ọkọ̀. Iṣẹ́ tó wà fún un ni okùn gígé, àwọ̀n títú nígbà tó bá lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, ọ̀rá àti ike àti awọ ẹja. Ẹni tó ń lò ó lè wà lórí omi tó ń mì, ó lè fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, kó fi ọwọ́ kejì ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ àwọn awakọ̀ ojú omi láti ayé àtijọ́ fi ń ní ṣónṣó tó ṣe bọ̀lọ̀gọ̀, kí ó má bàa gún ara wọn nígbà tí ìgbì bá ta ọkọ̀. Ọ̀bẹ tó wà nínú àkọ̀ awọ kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lórí omi, àkọ̀ náà ló ń wó idà, nítorí awọ mu omi iyọ̀ yó, ó sì ń di í mọ́ irin lára lọ́sàn-án lóru. Ọ̀bẹ kíká kúrò nínú wàhálà àkọ̀, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ jẹ́ àkọ̀ mìíràn tí a kò rí. Níbẹ̀ ni ìdí ojú ọ̀bẹ, ìṣó àti sípíríǹgì ti fara kanra. Omi iyọ̀ wọ ibẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú sítéńlẹ́ẹ̀sì ni pé afẹ́fẹ́ ló ń tún awọ rẹ̀ ṣe. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, awọ náà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe, iyọ̀ sì ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sínú irin. Ọ̀bẹ tó ń dán lójú yìí lè máa jẹrà ní oríkèé, títí di ọjọ́ tí kò fi ní ṣí mọ́. Bí ìṣó oríkèé bá jẹ́ idẹ, tí ojú ọ̀bẹ jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì, tí sípíríǹgì jẹ́ irin lásán, irin lásán yẹn ni omi iyọ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ, nítorí pé àwọn yòókù ń fi í ṣe asà fún ara wọn.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ lóde òní mọ èyí. Ilé iṣẹ́ Myodo ní Japan ṣe irin kan tí wọ́n ń pè ní H1, tí wọ́n fi naitirójìn rọ́pò ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù, tó fi ṣòro fún omi òkun láti jẹ. Spyderco ti Amẹ́ríkà fi ṣe ọ̀wọ́ ọ̀bẹ fún àwọn awakọ̀ ojú omi. Ó dára, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti irin kábọ́ọ̀nù kó tó kú, nítorí ohun tó ń jẹ́ kí ẹnu pẹ́ ni wọ́n mú kúrò kí ìpáàrà má bàa rí nǹkan jẹ. Líle rẹ̀ sì wá láti inú títẹ̀ àti lílọ̀ nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe láti inú iná àti omi, nítorí náà bí alágbẹ̀dẹ bá fi í sínú arọ, líle náà á lọ, kò sì sí bó ṣe lè dá a padà. Ọ̀bẹ tí kò gbọ́dọ̀ rí iná arọ títí ayé rẹ̀ nìyẹn. Owó rẹ̀ sì lè tó iye tí apẹja kan ń fi ra àdá mélòó kan.

Ibí ni àtakò tó kẹ́yìn ti wọlé, ó sì tọ̀nà dé ààyè kan. Ta ló nílò alágbẹ̀dẹ, nígbà tí ọ̀bẹ kò dípáàrà mọ́? Bí kò bá dípáàrà, kò nílò ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́. Ìṣòro ni pé ìpáàrà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó ń pa ọ̀bẹ. Ẹnu ń jẹ, oríkèé ń yẹ̀, ìkọ́ tó ń di ojú mú kó má ká lé ìka ń rẹ̀, ìgbà kan á dé tí yóò sọ ọ̀bẹ náà di ewu. Àdá tó jẹ lẹ́nu ní ibi tó ń lọ. Ọ̀bẹ kíká tí ìkọ́ rẹ̀ rẹ̀ kò ní. Ẹni tó ń ra á, bó bá lówó, á ra òmíràn. Ẹni tí kò lówó á padà sídìí ọ̀bẹ irin lásán, á máa fi omi tútù ṣan án lálẹ́, á máa fi epo pa á, bí ó bá sì jẹ tán, á lọ bá alágbẹ̀dẹ. Mi ò rò pé ẹni yìí jẹ́ aláìmọ̀kan. Ìṣirò tí ará Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe kí Johnson tó débẹ̀ ló ṣe, ó sì bá owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu.

Fún ẹni tó bá tilẹ̀ fẹ́ ra ọ̀bẹ kíká tó ń dán, kékeré ni ọ̀rọ̀ orúkọ irin nínú ohun tó yẹ kí ojú rẹ̀ wò. Kí ó yí i wò ní ìdí, níbi tí oríkèé wà. Bí ìṣó tí wọ́n lù pa ni wọ́n fi so ó, kò sí ẹni tí yóò tún rí inú rẹ̀ mọ́. Bí síkúrù ni, ó lè tú u ká lórí tábìlì, kí ó fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò, kí ó nù ún gbẹ, kí ó fi epo díẹ̀ pa ibi tí irin ti ń kan irin, kí ó sì dì í padà.